Mo Sọ Pé Kì í Sáré Padà

Mo fẹ́ kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí mi láàárọ̀ yìí, tó fún mi ní ìyá tó fi mí síléèwé ìjọ nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń lọ sóko, tó jẹ́ kí n kàwé títí mo fi di olùkọ́. Mo dúpẹ́ pé ó dá ẹ̀mí mi sí di ọjọ́ tí mo lè la ẹnu mi sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo jẹ́rìí èké sí ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti fẹ́ rẹ́rìn-ín níbi tí mo dé yìí, nítorí gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín tán. Ìyẹn gan-an ló sú mi jù. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí yóò bínú sí mi.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ìgbìmọ̀ tó ń fún agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ife tún ti pè mí láti wá dìbò lọ́dún yìí. Ọmọ tí mo ṣẹ̀ sì ti di olùkọ́ níléèwé kan náà tí èmi náà wà, ní Èsìẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń kí mi.

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ wa máa ń bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọọdún. Lẹ́yìn àṣekágbá, wọ́n á fún agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ní ife pé òun ló dára jù nínú gbogbo wọn. Ife náà ò tóbi, àmọ́ ẹni tó bá gbà á ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Èkó máa ń ránṣẹ́ pè pé kó wá, kí àwọn wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Fún ọmọ àgbẹ̀, ọ̀nà mìíràn kò sí. Àwa olùkọ́ eré ìdárayá àti àwọn àgbà díẹ̀ tó mọ bọ́ọ̀lù la máa ń dìbò. Àwọn kan ń wá láti Ìlọrin, àwọn kan láti apá àríwá, láti Pàtígi àti àwọn ìlú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwa náà láti ilẹ̀ Ìgbómìnà. Oníkálukú á kọ orúkọ ẹni tó fi ṣe àkọ́kọ́, ẹni tó fi ṣe ìkejì àti ẹni tó fi ṣe ìkẹta, a ó wá ro máàkì ipò kọ̀ọ̀kan pọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é gan-an nìyí. Ará Ìlọrin á kọ ọmọ Ìlọrin. Ará àríwá á kọ ọmọ àríwá. Àwa á kọ ọmọ wa. Kí ọjọ́ ìdìbò tó pé, Ọ̀gá Bọ̀dé, tó jẹ́ àgbà nínú àwa olùdìbò láti ilẹ̀ wa, á ti pè wá jọ sí gbọ̀ngàn ìjọ wọn ní Òmù-Àrán. A ó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. A ó fẹnu kò sórí ọmọ tiwa. Lẹ́yìn náà la ó fẹnu kò sórí ẹni tí a kò ní kọ rárá, kódà ní ipò ìkẹta. Ẹni yẹn ló máa ń jẹ́ ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù jù ní àgbègbè mìíràn. Tí a bá kọ ọ́ sí ìkejì, ó lè fi ìyẹn gba ife mọ́ wa lọ́wọ́. Nítorí náà a ó fi í sílẹ̀ pátápátá, a ó wá kọ àwọn tí kò lè pa wá lára. Lẹ́yìn èyí la ó gbàdúrà ìparí.

Mo ti jókòó nínú ìpàdé yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Èmi ni mo máa ń gbàdúrà ìparí.

Lọ́dún tí mò ń wí, ọmọ tiwa ni Tọ́ba, ọmọ Ìsánlú-Ìsin. Ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ọmọ àríwá ni Ṣuaibu, láti abúlé kan lẹ́bàá Pàtígi. Iwájú ló máa ń gbá, gbogbo èèyàn ló sì ń dárúkọ rẹ̀. Àwọn ará Ìlọrin kò ní ọmọ gidi kan lọ́dún yẹn, wọ́n bá ní ẹni tó bá yẹ làwọn máa kọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù ba Ọ̀gá Bọ̀dé gan-an. Ó ní irú ìdìbò wo nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ wá ní kí olùdìbò kan láti àgbègbè mìíràn lọ wo ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó wá jábọ̀ fún gbogbo ilé. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ wo Ṣuaibu.

Mo gbéra lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí mo dé Pàtígi, mo ní kí n yà kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tí wọ́n ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ wọn, Alájì. Ẹ mọ bí ilé àna ṣe rí nílẹ̀ wa. Mi ò lè kọjá níwájú ilé wọn, kí wọ́n wá gbọ́ lẹ́yìn pé mo wọ ìlú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mi ò ní pẹ́. Wọ́n ní kí n jókòó, àwọn ti ń lé adìẹ. Mo ní bọ́ọ̀lù ni mò ń lọ wò, iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni. Alájì bi mí bóyá bọ́ọ̀lù ló fún mi níyàwó. Mo bá jókòó.

Kí wọ́n tó pa adìẹ, kí wọ́n tó gún iyán, kí Alájì tó kírun tán, kí a tó jẹun, kí wọ́n tó di iṣu tí n óò gbé lọ sílé, oòrùn ti ń wọ̀. Nígbà tí mo fi máa dé pápá, àwọn èèyàn ti ń tú jáde. Mo bi ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ bí Ṣuaibu ṣe gbá a. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní Ṣuaibu nìkan ló gbá gbogbo bọ́ọ̀lù tó wọ àwọ̀n lọ́jọ́ náà, pé ká ní mo tètè dé ni, ǹ bá rí nǹkan tí n óò máa ròyìn fún ọmọ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ibí yìí yé yín dáadáa. Mi ò rí ọmọ náà kó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ nípa rẹ̀, ohun rere ni.

Ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀. Ǹ bá ní mo pẹ́ dé, kí wọ́n rán ẹlòmíràn. Ojú ló tì mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ káàkiri pé wọ́n rán olùkọ́ lọ wo bọ́ọ̀lù, ó lọ jókòó ti iyán. Ọ̀gá Bọ̀dé sì ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ ìpàdé, ó ní gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa, títí dé àwọn tó wà ní Èkó, ojú mi ni wọ́n ń wò, kí n rántí ibi tí wọ́n bí mi sí.

Lọ́jọ́ tí mo lọ jábọ̀ níwájú gbogbo olùdìbò, bàbá àgbàlagbà kan wà nínú àwọn ará Ìlọrin, Álífáà ni, ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní kéú rí. Òun ló kọjú sí mi.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ lọ. Àwa ò rí ọmọ yìí rí. Ẹ sọ ọ́ fún wa nítorí Ọlọ́run, báwo ló ṣe ń gbá a?"

Mo ní, "Ó mọ bọ́ọ̀lù, àmọ́ kì í sáré padà. Tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó máa dúró ni, á máa wòran."

Títí di òní, mi ò mọ ibi tí mo ti rí ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn rọrùn lẹ́nu ni. Bàbá náà mi orí, ó ní ó ṣeun tó jẹ́ ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni a rán. Wọ́n dìbò. Tọ́ba gba ife. Àwọn ará Ìlọrin kò kọ Ṣuaibu sí ipò kankan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fún Tọ́ba ní ife, Ṣuaibu wá sọ́dọ̀ mi. Ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó bẹ̀rẹ̀ kí mi tọwọ̀tọwọ̀. Ó ní wọ́n ní èmi ni mo wá wo òun, òun ò bínú, òun kàn fẹ́ mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára òun. Ààyè ṣí sílẹ̀ fún mi láti jẹ́wọ́ níbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká bíi bàbá rere, mo ní, "O kì í sáré padà, ọmọ mi. Lọ ṣe é dáadáa."

Ó lọ ṣe é o. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù dé kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn. Ẹni tí wọ́n ní ó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ẹ̀yìn ni wọ́n ti bá a, tó ń sáré kiri níwájú àwọ̀n ẹgbẹ́ tirẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n mú ẹlòmíràn lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Nígbà tí wọ́n gbé e wá síléèwé wa pé kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ léré ìdárayá, inú rẹ̀ dùn láti bá mi níbẹ̀. "Bàbá" ló ń pè mí. Níwájú gbogbo ọmọ iléèwé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ òtítọ́ fún òun nípa ara òun. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ wo irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gá Bọ̀dé ní Òmù-Àrán. Mo ní a ṣẹ ọmọ yìí. Ó ní ṣé àwọn ará àríwá kọ Tọ́ba ni. Mo ní wọn ò kọ ọ́. Ó ní ó tán nìyẹn. Ó ní kí n má gbàgbé pé ìpàdé ti ọdún yìí ti súnmọ́, pé ọmọ Òkè-Onígbìn kan wà tó yẹ ká dúró tì. Mo tún lọ bá pásítọ̀ wa. Mo sọ fún wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́kàn mi, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Wọ́n bi mí bóyá ọ̀rọ̀ obìnrin ni, mo ní rárá. Wọ́n bi mí bóyá owó ìjọ ni, mo ní rárá. Nígbà tí mo sọ pé bọ́ọ̀lù ni, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní Ọlọ́run ti dárí rẹ̀ jì mí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn ṣe ń dà wọ́n láàmú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ó sú mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé òfin tó ní kí a má jẹ́rìí èké yọ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ni?

Ìyàwó mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo ń ro ẹjọ́ fún un pé ká ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dá mi dúró ni, gbogbo èyí kò ní ṣẹlẹ̀. Ó gbé ṣíbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Dámi, oúnjẹ ni ẹ̀gbọ́n mi gbé fún yín. Wọn ò gbé irọ́ fún yín."

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti rí ẹni di ẹ̀bi yìí rù mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni nǹkan wá bà jẹ́ lọ́kàn mi pátápátá. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá wa, mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn iléèwé, gba bọ́ọ̀lù, ó gé àwọn méjì kọjá, ó kù díẹ̀ kó dé ojú àwọ̀n. Bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kò jìnnà rárá, ìgbésẹ̀ kan ló kù kó tún bá a. Ṣuaibu pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé, "Sáré padà!" Ọmọ náà fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbi tó wà, ó yí ẹ̀yìn dà sí àwọ̀n tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí, ó ń sáré bọ̀ wá sẹ́yìn tagbáratagbára. Ṣuaibu yìn ín. Ó wá yíjú sí mi lábẹ́ igi, ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé kí n rí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Mo rí i.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ọkàn Ṣuaibu balẹ̀. Ó gbà pé àléébù kan wà lára òun tó jẹ́ kí òun pàdánù ife, ó ti ṣiṣẹ́ lé àléébù yẹn lórí, ó sì ti gba kámú. Tí mo bá sọ fún un pé kò sí àléébù kankan, pé mi ò tilẹ̀ wò ó, pé iyán ni mo jẹ, kí ló kù tí yóò dì mú? Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, irọ́ mi ni yóò máa kọ́ àwọn ọmọ Èsìẹ́ ní bọ́ọ̀lù lẹ́yìn tí mo bá kú tán.

Mo ti pinnu pé mi ò ní dákẹ́. Mo ti ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ pé mi ò dìbò mọ́, n óò sì sọ ìdí rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, tí Álífáà yẹn bá ṣì wà láyé kó lè gbọ́. Ti Ṣuaibu ló ṣòro. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ọgbọ́n jù mí lọ, ṣé kí n pè é sí ilé mi, kí ìyàwó mi wà níbẹ̀? Àbí níwájú àwọn ọmọ tó ti yìn mí ni kí n ti sọ ọ́, kí wọ́n gba àtẹ́wọ́ wọn padà? Ọ̀rọ̀ wo ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀? Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o," gbogbo ohun tí mo tò sílẹ̀ sì tú ká.

Ẹ dárí jì mí, ẹ sì fún mi lésì.

Kí Ọlọ́run bùkún fún ẹ̀yin tí ẹ ka èyí dé òpin. Kó pa àwọn ọmọ yín mọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti ń làágùn láti fi ẹ̀bùn wọn hàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jókòó láti sọ̀rọ̀ yín níbi tí ẹ kò sí, kí Ọlọ́run má fi orúkọ yín sí ẹnu ẹni tí kò rí yín. Àmín.