Wáyà Tí Mo Yọ Lára Bíréèkì Bàbá Fúnmi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe bàbá tó gun kẹ̀kẹ́ náà, kì í ṣe ọjọ́ orí wọn, mi ò sì ní í purọ́ mọ́ èṣù. Èmi ni mo yọ wáyà kan kúrò níbi bíréèkì, tí mo wá sọ pé gbogbo ẹ̀ ti pé.

Ó ti tó bí ọdún kan tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí ni pé kọmítì tó ń ṣètò gígun kẹ̀kẹ́ àdúgbò wa ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní èmi ni kí n máa yẹ kẹ̀kẹ́ wò lọ́tẹ̀ yìí, kí n máa dá kẹ̀kẹ́ oníná padà, kí n sì máa dá àwọn àgbàlagbà padà. Èmi, nínú gbogbo èèyàn tó wà ní Ìbà.

Ìwé mi ò pọ̀. JSS 3 ni mo ti dúró. Tí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tò ó. Orúkọ tí mo pe àwọn èèyàn níbí kì í ṣe orúkọ wọn gan-an.

Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni mò ń ṣe ní Okokomaiko. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Maruwa o, kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Nígbà tó yá ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ́ńjìnnì oníná sí i. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni, àárín táyà ẹ̀yìn ló máa ń wà, bátìrì ló sì ń lò. Tí èèyàn bá ti ń wa pẹ́dà, òun náà á máa bá a ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á wá máa lọ bí ọ̀dọ́.

Lọ́dọọdún, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa máa ń kóra jọ gun kẹ̀kẹ́ láti ẹnu ọ̀nà Ìbà Estate títí dé Okokomaiko, a ó sì padà. Kì í ṣe ìdíje. Ẹni tó bá ti ní kẹ̀kẹ́ lè bá wa lọ, àtọmọ iléèwé, àtìyá ọlọ́mọ, àtàwọn tíṣà Estate. Àwa onísùtánà funfun náà máa ń lọ, a ó ká aṣọ wa sókè kí ṣéènì má baà jẹ ẹ́, àwọn ọmọ á sì máa fi wá rẹ́rìn-ín pé áńgẹ́lì ń wa pẹ́dà.

Ó wá ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan pé àwọn ọ̀dọ́ kan gbé kẹ̀kẹ́ oníná wá. Wọ́n ń sáré kọjá láàárín àwọn ọmọdé bí ẹni tó ń lé olè. Ìyá kan yà fún wọn, ó bọ́ sí gọ́tà. Inú bí kọmítì. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ oníná kankan ò gbọ́dọ̀ wá mọ́, ìbáà lọ́ra bí ìgbín.

Mo wà ní ìpàdé ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò pé, torí eré ló ṣe ìyá yẹn ní jàǹbá, kì í ṣe iná. Ṣùgbọ́n mo dákẹ́. Mo ní ta ló máa gbọ́ ti ọmọ tó ń lẹ táyà.

Bàbá Fúnmi ni ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ará Èkìtì ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, inú Estate ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó wọn ti kú. Láti ìgbà tí a ti ń gun kẹ̀kẹ́ yìí ni wọ́n ti ń bá wa gun ún. Wọ́n máa ń sọ pé ọjọ́ yẹn nìkan ni ilé kì í dákẹ́ jù fún àwọn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yà wá mu omi lọ́dọ̀ wọn tí a bá padà dé.

Wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń tiro. Ẹnjiníà ni wọ́n máa ń pè mí. Wọ́n ní, "Ẹnjiníà mi, orúnkún yìí ti kọ̀wé fipò sílẹ̀, èmi ò sì tíì fọwọ́ sí i."

A jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bá àwọn fi ẹ́ńjìnnì sí kẹ̀kẹ́ àwọn. Mo sọ òfin tuntun náà fún wọn. Wọ́n lọ bá pásítọ̀ tó jẹ́ alága kọmítì, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀yìn gbogbo èèyàn làwọn máa wà, àwọn ò ní í sáré. Pásítọ̀ ní òun bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n òfin ò mojú ẹnì kankan. Wọ́n padà sọ́dọ̀ mi, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni ẹ ti máa mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ló kó mi sí i. Èmi ni mo lanu. Mo ní, "Dádì, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kọmítì á kọ́kọ́ yẹ gbogbo kẹ̀kẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, a ó tò wọ́n sílẹ̀, àwọn pásítọ̀ á gbàdúrà, wọ́n á sì máa fi òróró kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kẹ̀kẹ́ tí òróró bá ti kàn, ẹlòmíràn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ àfi ẹni tó ni ín, títí a ó fi lọ tí a ó fi bọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ti gba ìbùkún oníkẹ̀kẹ́. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá gan-an kì í fọwọ́ kàn án.

Mo mọ èyí. Mo tún mọ̀ pé bátìrì nìkan ni àwọn tó ń yẹ kẹ̀kẹ́ wò fi ń dá kẹ̀kẹ́ oníná mọ̀. Lójú tiwọn, tí kò bá ti sí bátìrì, kò sí iná. Mo gbé báàgì méjì kọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kó bo ẹ́ńjìnnì, mo fi bátìrì sílẹ̀. Tí òróró bá ti kàn án tán, màá kó bátìrì fún Bàbá nínú àpò kan pẹ̀lú omi mímu wọn, àwọn fúnra wọn á fi í sínú báàgì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á sì so ó.

Ó wá ku wáyà. Kẹ̀kẹ́ oníná ní wáyà tín-ín-rín kan tó ń jáde láti ọwọ́ bíréèkì. Tí èèyàn bá ti fún bíréèkì, wáyà yẹn á pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, èèyàn lè fún bíréèkì, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa tì í díẹ̀ síwájú kó tó kú. Ọwọ́ iwájú ni wáyà yẹn wà, gbangba. Mo bẹ̀rù pé ẹnì kan máa rí i. Mo tú bíréèkì tó ní wáyà dànù, mo fi ti tẹ́lẹ̀ síbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé Bàbá ò ní í sáré, pé kí ni díẹ̀ fẹ́ ṣe.

Nígbà tí wọ́n wá gbé kẹ̀kẹ́, wọ́n bi mí pé, "Ẹnjiníà, ṣé gbogbo ẹ̀ ti pé?"

Mo ní, "Ó ti pé, Dádì."

Ọjọ́ náà dára. Kẹ̀kẹ́ yege, wọ́n fi òróró kàn án, Bàbá so bátìrì. Mo wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń bojú wẹ̀yìn rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ má bínú, inú mi dùn. Mo rò pé ohun tó dára ni mo ṣe.

A dé ìtòsí Ìyànà-Ìbà. Tírélà kan yọ lójijì, àwọn tó wà níwájú dúró, gbogbo wa sì ń dúró. Mo rí ọwọ́ Bàbá Fúnmi. Mo rí ìka wọn tó fún bíréèkì pọ̀ títí egungun ẹ̀ fi yọ. Kẹ̀kẹ́ ò dúró. Ó ń ti ara ẹ̀ síwájú bí ẹran tó já okùn, ó lọ kọ lu Bọ́sẹ̀ tó ti dúró níwájú wọn lórí kẹ̀kẹ́ tiẹ̀.

Onídìrí ni Bọ́sẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó fi ọwọ́ gúnlẹ̀. Egungun ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ṣẹ́.

Bàbá náà ṣubú, ṣùgbọ́n wọ́n dìde. Báàgì ti ya, bátìrì ti yọ síta, gbogbo èèyàn rí i. Alága bi wọ́n léèrè ẹni tó bá wọn so ó. Wọ́n wò mí. Wọ́n gbójú kúrò. Wọ́n ní, "Èmi ni mo gbé e wá. Ẹ má bi mí ní tẹlòmíràn. Ọwọ́ mi ló ti di tàgbà, mi ò tètè fún bíréèkì."

Mo dúró níbẹ̀, mo gbọ́ ọ, mo sì ń bá wọn gbé Bọ́sẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ yẹn ni gbogbo èèyàn gbà. Kọmítì ṣe òfin mìíràn lé ti tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún ò gbọ́dọ̀ gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Àwọn bàbá àti ìyá tí kẹ̀kẹ́ wọn ò níná rárá, àwọn náà di ẹni tó ń jókòó sílé. Fúnmi wá láti Ìkẹjà, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀. Wọ́n ní Bàbá ò bá a jiyàn.

Ọwọ́ Bọ́sẹ̀ ti jinná, ṣùgbọ́n tó bá dirun díẹ̀, á ní láti dúró gbọn ọwọ́. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà ẹ̀ pé, "Bàbá àgbà fi kẹ̀kẹ́ fún mi ní lífù ìsinmi tí mi ò bèèrè." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ bá bàjẹ́, mo máa ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó máa ń ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run ò ní í jẹ́ kí n rí ibi. Mo máa ń ṣe àmín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú àmín yẹn.

Mo lọ kí Bàbá Fúnmi nígbà kan, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Irùngbọ̀n wọn ti kún. Wọ́n ní àwọn ò fá a fúnra àwọn mọ́, kí abẹ má lọ gé àwọn. Wọ́n bi mí nípa Bọ́sẹ̀. Wọ́n wá na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Mú ọwọ́ ẹ wá," wọ́n ní. "Jẹ́ kí n fún un. Sọ òtítọ́ fún mi, ṣé agbára ṣì wà níbẹ̀?"

Wọ́n fún un. Ó dùn mí. Ọwọ́ mi yìí tó ń fi sípánà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ó dùn ún. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, sà." Wọ́n mi orí, wọ́n ní ọmọ dáadáa ni mí, pé mò ń tu àwọn nínú. Mo jáde.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló ń lé mi kiri. Bọ́sẹ̀ mọ ohun tó ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́. Bàbá ò mọ ohun tó ṣe wọ́n. Wọ́n jókòó sílé, wọ́n rò pé ara àwọn ti da àwọn.

Mo ti pinnu. Mi ò ní í yẹ kẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni wò kí n tó dìde nípàdé kọmítì kí n sọ èyí. Tí wọ́n bá fẹ́ gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi, kí wọ́n gbà á. Màá sọ fún wọn pé òfin tó ní kí kẹ̀kẹ́ oníná má wá rárá, òun ló jẹ́ kí n rí àyè fi í pamọ́, fífi pamọ́ ló sì jẹ́ kí n yọ wáyà. Mi ò fi ìyẹn wẹ ara mi mọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ oníná wá ní gbangba, kí bátìrì wà lójú táyé, kí gbogbo oníná wà lẹ́yìn pátápátá, kí wọ́n dín eré ẹ̀ kù, kí oníkẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ sì fún bíréèkì wò níṣojú èèyàn. Kí àwọn pásítọ̀ gbàdúrà tán kí a tó yẹ kẹ̀kẹ́ wò, kí òróró má di ibi ìsápamọ́ fún irú èmi. Kí wọ́n sì fàyè gba àwọn àgbà.

Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá kọ́kọ́ lọ sílé Bàbá, mo mọ̀ wọ́n, wọ́n á ní kí n panu mọ́ kí n má ba iṣẹ́ mi jẹ́, bí wọ́n ṣe gbójú kúrò lára mi lọ́jọ́sí. Tí mo bá kọ́kọ́ sọ ọ́ nípàdé, ẹnu èèyàn ni wọ́n á ti gbọ́ pé ẹni tí wọ́n bò láṣírí ló fi wọ́n sínú òkùnkùn. Èwo ló burú díẹ̀? Màá tún lọ kúnlẹ̀ fún Bọ́sẹ̀, ìyẹn ò níyèméjì.

Ṣùgbọ́n Bàbá Fúnmi ni mo jẹ ní gbèsè jù, gbèsè náà ò sì ju gbólóhùn kan lọ, tó yẹ kí n ti san ní Ìyànà-Ìbà lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí Bọ́sẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹ kúkú fún bíréèkì, Dádì. Ojú mi ló ṣe, ẹ tètè fún un, ẹ sì fún un dáadáa.