Ìyókù Ti Di Gùfẹ̀

Ní ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní Kábà ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí a ti to abọ́ wa sílẹ̀ tí a ń dúró. Ọkùnrin kan tó ń sin màlúù ló ń bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Okun o, ìyàwó wa. Ṣé o gbọ́ pé àwọn kan ti Lọ́kọ́ja wá síbi màlúù mi? Wọ́n so rọ́bà mọ́ ọn nímú, wọ́n ń wọn gùfẹ̀ rẹ̀."

"Gùfẹ̀ màlúù, ọkọ mi? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n ní ó wà lára ohun tó ń mú kí ayé máa gbóná. Tèmi ló pọ̀ jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n wọ̀n. Wọ́n ní ó jẹun kánú ni."

"Ẹ kú oríire. Màlúù yín ti gba ipò kìíní nínú gùfẹ̀. Ṣé ẹ sọ ibi tó ti jẹun fún wọn?"

"Koríko ló jẹ."

"Koríko náà lẹ ní ó jẹ níwájú àwọn àgbà, lọ́jọ́ tí mo bá ipa ẹsẹ̀ màlúù káàkiri oko ẹ̀gẹ́ mi. Ẹ ní kí wọ́n tún gbé rọ́bà wọn wá, ọkọ mi. Ẹ̀gẹ́ mi ni wọ́n wọ̀n."

Ọkùnrin náà ní ọ̀rọ̀ ẹbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta.

Nígbà tó kan obìnrin náà, abọ́ kékeré kan ló gbé síwájú ẹlẹ́rọ.

"Ìyá, ṣé èyí nìkan lẹ gbé wá?"

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Ìyókù ti di gùfẹ̀."