Ẹmu Tó Wà Nínú Búrẹ́dì Ìyá Ṣàbí

Láràárọ̀ ni mo ṣì ń po ìyẹ̀fun. Ọwọ́ mi ló ń ṣe é, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi á jẹ búrẹ́dì náà, wọ́n á ní ó dùn. Lẹ́nu tèmi kò ní adùn kankan. Ẹkún gan-an kò wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ohun tí mo ṣe fún ẹni tó kọ́ mi ní búrẹ́dì yìí ni mo fẹ́ jẹ́wọ́, nítorí n kò tíì lè sọ ọ́ fún ọkọ mi.

Ọmọ Pobẹ ni mí. Olùkọ́ ni ọkọ mi, iṣẹ́ ìjọba ló gbé wa wá sí Ṣábẹ níhìn-ín. Ọmọ mẹ́rin ń jẹ búrẹ́dì láràárọ̀, búrẹ́dì ìgboro ń kéré sí i, owó rẹ̀ ń ga sí i; kí ni ìyá ọmọ yóò ṣe? Ìyá Ṣàbí, opó àgbàlagbà tí ilé wọn kan tiwa, ló pè mí sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọ́n fi hàn mí bí a ti ń da ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ mọ́ ti àlìkámà kó lè pọ̀, bí a ti ń da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin, tí a ó gbé agolo lé e, tí a ó dé e, tí a ó kó ẹyín iná sórí ìdérí. Dípò ìwúkàrà tí wọ́n ń tà, ẹmu àná ni wọ́n fi ń mú ìyẹ̀fun wú. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni Ràbí, ọmọ wọn obìnrin, fẹ́. Nítorí náà wọ́n ní ìkòkò kejì. Èyí tí Mùsùlùmí yóò jẹ, omi ògì kíkan ni wọ́n fi ń mú un wú. Wọn kì í da méjèèjì pọ̀: igbá ọ̀tọ̀, aṣọ tí wọ́n fi ń bo ìyẹ̀fun ọ̀tọ̀. Ojú mi ló ṣe.

Ìyá Ṣàbí kò gbà ju ọpẹ́ lọ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwúkàrà ọjà ṣe tèmi, mo ń tà díẹ̀ fún aládùúgbò. Tèmi ń le, tiwọn ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Ọkọ mi pàápàá á ní kí n lọ ra ti Ìyá Ṣàbí wá. Ó ń dùn mí, mo ń rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ọkọ Ràbí yà lọ́dọ̀ mi, ó bi mí bóyá bákan náà ni èmi àti Ìyá Ṣàbí ń ṣe búrẹ́dì wa.

Mo ní, "Rárá, Màmá. Èmi ń ra ìwúkàrà. Ẹmu ni tiwọn."

Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyókù, mo sì gbé e mì.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ọkọ Ràbí ní ìyàwó òun àtàwọn ọmọ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé Ìyá Ṣàbí mọ́. Ìyá Ṣàbí ṣàlàyé títí, wọ́n gbé ìkòkò méjèèjì jáde síta. Ta ni yóò gbà wọ́n gbọ́? Èmi tí mo lè jẹ́rìí wà nínú ilé, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá Ṣàbí kó ẹrù wọn padà sí Bẹsé, abúlé wọn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ láti jẹ́wọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi, wọ́n béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n rọra ní, "Ìyàwó olùkọ́, ìwọ lo sún mọ́ mi jù. Ta ló lọ sọ fún wọn?"

Mo wo ilẹ̀. "N kò mọ̀, Ìyá."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ."

Wọ́n di èlùbọ́ fún mi kí n gbé e fún àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti kú nínú mi.

Ràbí ti bí ọmọ mìíràn báyìí. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, Ìyá Ṣàbí kò sí níbẹ̀. Bí mo bá lọ sọ òtítọ́ fún ọkọ rẹ̀, bóyá ìlẹ̀kùn á ṣí. Ṣùgbọ́n orúkọ mi àti ti ọkọ mi ti bàjẹ́ ní Ṣábẹ nìyẹn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má wulẹ̀ ní kí n máa gbàdúrà; mo ti ń gbà á, ẹnu lásán ni. Ilé ta ni kí n kọ́kọ́ lọ, ti ọkọ Ràbí ni àbí Bẹsé? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Mo gbọ́ pé ojú ń dun Ìyá Ṣàbí, wọn kò ríran dáadáa mọ́. Bí mo bá pẹ́ sí i, wọ́n lè gbé ọmọ náà lọ́wọ́ kí wọ́n má sì rí ojú rẹ̀.