Ìgò Oògùn Ikọ́ Inú Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Mi

Màmá, ẹ má dìde. Ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ lọ wo nǹkan tẹ́ ẹ gbé kaná, kò sí nǹkan kan lórí iná, èmi ni mo paná. Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ wò ó dáadáa! Ìgò oògùn ikọ́ ni, omi tó wà nínú ẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi ni wọ́n fi wé e. Ẹ̀yìn ọmọ mi ni mo ti rí i, nínú kẹ̀kẹ́ tá a fi ń tì í kiri, nígbà tí mò ń gbé e kúrò níbẹ̀ báyìí. Mo bọ́ súwẹ́tà lọ́rùn ẹ̀, mo wo abíyá ẹ̀, ó pọ́n! Ṣé Adúmáadán ló dìde, tó lọ se omi, tó rọ ọ́ sínú ìgò, tó fi há abíyá ara ẹ̀ ni? Ọmọ tí ò lè fọwọ́ ara ẹ̀ lé eṣinṣin!

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà yìí o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo yájú sí ìyá ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀, mo sì ń bi yín: kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ẹ̀ẹ̀mẹrin pẹ̀lú tòní la ti gbé ọmọ yìí dé Ilé Ọlọ́jọ́ Méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà ti fi tẹmómítà sí i lábíyá, tó wò ó, tó mi orí, tó ní ara ọmọ gbóná, òfin ò gbà á, ẹ máa gbé e padà, ọmọ mìíràn ni bẹ́ẹ̀dì kàn. Mo ti ń rò pé bí orí mi ṣe rí nìyẹn. Mo gba ààwẹ̀ lé e lórí, Màmá! Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń bá mi ṣe àmín. Háà! Ẹ ń ṣe àmín, ìgò wà nínú báàgì yín!

Kí ni mo ní kí wọ́n fún mi? Wọ́n á gba ọmọ lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ọmọ tí ara wọn ò gbé wọn bíi tiẹ̀, wọ́n á fún wọn lóúnjẹ, wọ́n á bá wọn ṣeré, wọ́n á dá wọn padà lọ́jọ́ Àìkú láago mẹ́rin. Ọjọ́ méjì péré. Kí ìyá lè sùn. Ṣé mo sọ pé mo fẹ́ ju ọmọ mi nù ni?

Ọdún mọ́kànlá, nínú yàrá méjì. Àtẹ̀gùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà láti ibí dé ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn mi ló ń gbà sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀ báyìí, díẹ̀ ló kù kó ga tó mi. Oúnjẹ ẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú, ṣíbí kan lẹ́yìn èkejì, kí n máa fọwọ́ ra á lọ́fun kó má baà há a. Wákàtí méjì-méjì, kí n yí i padà kí ara ẹ̀ má baà bó. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, kí n tó ran ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tán, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọmọ yín tó jẹ́ ọkọ mi wà lórí tírélà ẹ̀, bó bá wálé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, á gbé ọmọ sókè, á ní, "Adúmáadán bàbá ẹ̀!", á rẹ́rìn-ín, á lọ sùn. Á sùn, Màmá! Mo máa ń dúró wò ó ni, mo máa ń jowú oorun ẹ̀ bí ẹni ń jowú orogún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ran apá aṣọ oníbàárà mi kan mọ́ ọrùn. Apá mọ́ ọrùn! Obìnrin náà wọ̀ ọ́, ó wò mí, kò lè bínú, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n lọ sùn. Níbo? Ta ló máa dúró ti ọmọ? Ṣé ẹ ti gbàgbé ọjọ́ tí oorun gbé mi lọ, tí ṣíbí wà lẹ́nu ẹ̀, tí oúnjẹ ti há a lọ́fun, tí ojú ẹ̀ ti ń yí? Ẹ̀yin lẹ sáré wọlé. Ẹ̀yin lẹ gba ṣíbí lọ́wọ́ mi. Ojú yín ló ṣe, Màmá, kì í ṣe pé wọ́n sọ fún yín. Tẹ́ ẹ wá tún lọ di ọ̀nà mọ́ mi!

Ẹ ní kí n rọra sọ̀rọ̀, ọmọ ń gbọ́? Kó gbọ́! Láti àárọ̀ ló ti ń wò mí tó ń wò mí, mo rò pé inú ń bí i torí wọn ò tún gbà á wọlé ni. Mi ò mọ̀ pé abíyá ló ń ta á.

Ẹ sì gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, iwájú yín ló ti sọ ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ìkẹyìn. Bí ara ẹ̀ bá tún gbóná, wọ́n á pa orúkọ ẹ̀ rẹ́, ká tún lọ tò fún ọdún méjì. Díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ obìnrin yẹn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin dúró tì mí, ẹ ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ẹ ń sọ pé, "Ó tó, ìyàwó mi, jẹ́ ká máa lọ sílé." Ìyàwó mi! Bóyá ẹ tiẹ̀ ń dúpẹ́ nínú yín.

Mo sì yẹ kí n ti fura. Kò síṣẹ́ tẹ́ ẹ kì í bá mi ṣe nílé yìí, ẹ ń fọṣọ, ẹ ń gbálẹ̀, ẹ ń wẹ ọmọ, àfi báàgì tó máa gbé lọ síbẹ̀ yẹn. Bí mo bá ti ní kẹ́ ẹ bá mi káṣọ sí i, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín.

Ẹ ń sunkún? Rárá o! Ẹ má gba ẹkún lójú mi, èmi lẹ ṣẹ̀, èmi ni kí n sun ún!

Ẹ ní kí ni? Ẹ tún un sọ. Àbúrò yín? Èwo nínú wọn? Gbogbo àbúrò yín ni mo mọ̀. Èyí tí ò lè rìn? Màmá, mo ti lo ọdún mẹ́rìnlá nínú ẹbí yìí, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé ẹ ní àbúrò kan tí ò lè rìn. Ọkọ mi mọ̀? Òun náà ò mọ̀.

Ọkọ̀ funfun ló wá gbé e? Ọjọ́ mẹ́ta, kí ìyá yín lè sinmi, ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ di ẹrù ẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Ẹ ká aṣọ mẹ́ta, ẹ gbé ọmọláńgidi ẹ̀ lé e lórí, ẹ ní ó dàbọ̀. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Báwo ni kò ṣe sí lẹ́yìn náà? Wọn ò dá a padà? Kò sí lẹ́tà, kò sí ibojì, kò sẹ́ni tó rí i mọ́? Ìyá yín wá ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí tó fi kú.

Ó tó. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó tó.

Kí ló dé tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún mi? Ẹ bá purọ́! Ẹ bá sọ pé ẹ kórìíra mi, ǹ bá bínú, ǹ bá sì gbé ọmọ mi lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú ìbínú mi. Báyìí ńkọ́? Báwo ni mo ṣe fẹ́ káṣọ sínú báàgì yẹn báyìí? Mo mọ̀ pé ti ìgbà yẹn yàtọ̀. Mo ti wọ ibẹ̀, mo ti rí àwọn ìyá tó ń wọlé tó ń jáde bó ṣe wù wọ́n, ọmọ ìsàlẹ̀ ilé wa ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rín ló ń rín bọ̀. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Ọmọláńgidi yẹn ni ò kúrò lójú mi.

Ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, a jọ máa di báàgì yẹn ni, kódà bí ẹsẹ̀ yín bá ń dùn. Ẹ ó wọ mọ́tò, ẹ ó bá wa wọlé, ẹ ó fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ wò, ẹ ó béèrè orúkọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Àìkú, kó tó di aago mẹ́rin, ẹ̀yin lẹ máa lọ mú un wálé, kì í ṣe èmi. Èmi á sùn. Mo ti sọ ọ́.

Ẹ gba ìgò yín. Ẹ lọ sọ ọ́ nù, ẹ má sì jẹ́ kí n mọ ibi tẹ́ ẹ sọ ọ́ sí. Torí láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Màmá, bẹ́ ẹ bá bá èmi fúnra mi nídìí iná, tí mò ń rọ omi gbígbóná sínú ìgò, bẹ́ ẹ ṣe gba ṣíbí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á.