Ẹni Tó Fi Ọ̀nà Han Ẹyẹ

Kòròpé tó ń lọ Lákọwé kò tíì kún ní Ajah, mo sì jókòó sẹ́yìn bíríkìlà kan àti ìyá àgbà kan tó máa ń ta òdòdó lẹ́bàá títì.

Ìyá ní, "Bíríkìlà, ọ̀gá tí o kọ́lé fún ò wá ra òdòdó mọ́?"

"Ìyá, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Nígbà tí mo dé ilẹ̀ wọn, iyanrìn funfun lásán ni wọ́n dà síbẹ̀. Ẹyẹ kan ò bà lé e. Bí a ṣe fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ tán, mo ki igi ewúro bọlẹ̀ lẹ́yìn àtíbàbà mi, mo gbin efinrin nítorí ẹ̀fọn, mo gbin ìbẹ́pẹ. Gbogbo sáìtì tí mo bá ń sùn ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Wọn ò ní kí o hú u nígbà tí ilé parí?"

"Ọ̀gá ní kí n hú u. Ìyàwó wọn ló ní rárá. Ìbẹ́pẹ ti ń pọ́n nígbà yẹn, ẹ̀ga ń wá jẹ ẹ́ láràárọ̀. Wọ́n ń fi fóònù ya àwọn ẹyẹ náà báyìí, wọ́n á máa pe àlejò pé, 'Ẹ wá wo ẹyẹ ilé wa.'"

"Kò dùn ẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbọn sìmẹ́ńtì kúrò lórúnkún. "Ilé wọn ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ọ̀nà ibẹ̀ han ẹyẹ."

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ìbẹ́pẹ tó yọrí lókè ògiri ilé ńlá kan, mo máa ń bi ara mi pé ta ló kọ́kọ́ sùn síbẹ̀.