Ìpè Tí N Kò Pè

Wọ́n máa so mí rọ̀. Ọjọ́ tó máa jẹ́ nìkan ni n kò mọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, tí bàtà wọ́dà bá dún lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo àwa tí wọ́n dájọ́ ikú fún á dákẹ́ rọ́rọ́, ká lè gbọ́ ẹnu ọ̀nà tó máa dúró sí. Kò sí ìdájí tí oorun ń gbé mi lọ mọ́. Bẹ́ẹ̀, oorun ìdájí ló gbé mi dé ibí.

Alágogo ìjọ ni mí ní abúlé kan lẹ́yìn Ṣakí. Rímù ọkọ̀ tí a so mọ́ igi igbá ni agogo wa. Irin ni mo fi ń lù ú, káwọn èèyàn lè jí wá sí àdúrà. Bàbá Rafíù, ládàánì mọ́ṣáláṣí, a máa bá mi ṣeré: "Alágogo, bí mo bá pe ìrun kí o tó lu irin rẹ, ìwọ lo máa ra obì fún mi o!" Èmi ni mo sábà máa ń ṣáájú.

Lọ́dún kan, ọyẹ́ mú gan-an. Mo jí, mo gbọ́ afẹ́fẹ́ lórí páànù, mo fa aṣọ borí. Mo ní, "Díẹ̀ sí i." Ohùn Bàbá Rafíù ló jí mi. Ìjọ rò pé ara mi kò yá, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún rọrùn sí i. Nígbà tó yá, oòrùn á ti yọ kí n tó lu agogo, èmi fúnra mi kò sì gbàdúrà mọ́. Mò ń jí àwọn ẹlòmíràn sí ohun tí mo ti pa tì.

Bàbá Jọ́ṣúà, àgbà ìjọ wa, pè mí sábẹ́ igi náà.

"Ọmọ mi, ṣé àìsàn ni?"

"Rárá, Bàbá. Oorun ni."

"Oorun ojú, àbí oorun ọkàn?"

Ó ní kí n sinmi ná, pé ìyàwó òun á máa bá mi lu agogo. Ó di ọwọ́ mi mú. Mo fà á yọ.

Làmídì, ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣọdẹ, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí a ti ń pọ́n àdá: "Ìyá Jọ́ṣúà ti gba agogo lọ́wọ́ rẹ! Kí ló kù tí wọ́n máa fún ọ, ìgbálẹ̀?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, Bàbá Jọ́ṣúà ni mo sì kórìíra nítorí rẹ̀.

Lásìkò ọyẹ́ tí àwọn sójà tún gbàjọba, a lọ sun igbó láti fi pa ọ̀yà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó máa tiná bọ igbó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kígbe: "Iná ń bọ̀ o! Ẹni tó wà nínú igbó, jáde o!" Ó gbọ́dọ̀ dúró, kó fetí sílẹ̀, kó tó ṣáná. Nítorí ohùn mi, èmi ni wọ́n yàn. Làmídì àtàwọn yòókù kó ajá lọ sí òdìkejì.

Mo rí kẹ̀kẹ́ Bàbá Jọ́ṣúà tó gbé ti igi létí igbó. Mo búra nílé ẹjọ́ pé n kò rí i. Irọ́ ni. Mo fọwọ́ kan ìjókòó rẹ̀. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti máa ń dá gbàdúrà. Mo lanu láti kígbe, mo rántí "ìgbálẹ̀", mo panu dé. Mo ṣáná.

Koríko ọyẹ́ kì í dúró de èèyàn. Làmídì ló ké láti òdìkejì: "Ohùn èèyàn nìyẹn! Ṣé o kígbe?"

"Mo kígbe!"

Oko bàbà Bàbá Rafíù kò jìnnà síbẹ̀. Ohun tó sọ fún adájọ́ nìyí: "Ládàánì ni mí. Mo mọ ohun tí à ń pè ní ìpè. Mo rí i tó dúró ti kẹ̀kẹ́, mo rí i tó ṣáná. Kò pe ẹnikẹ́ni. Kí n tó sáré débẹ̀, iná ti gba gbogbo igbó náà, ó sì ti jó Bàbá Jọ́ṣúà pa."

Ìyá Jọ́ṣúà kò wojú mi. Ó ní, "Nígbà tí ọkọ mi ń gbé kẹ̀kẹ́ jáde, mo bi í pé ibo ló ń lọ. Ó ní, 'Mò ń lọ bẹ Ọlọ́run nítorí Alágogo. Kò tíì pẹ́ jù fún un.'"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe ọjọ́ iná ni mo di apànìyàn. Ìdájí tí mo fa aṣọ borí ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Bí Olúwa bá pè yín, ẹ dìde. Ẹ má ní "díẹ̀ sí i." Ẹ má máa jí ará ilé yín nígbà tí ọkàn tiyín ń hanrun. Ẹ máa ṣọ́nà nígbà tó ṣì jẹ́ pé Olúwa lẹ̀ ń retí. Èmi náà ń ṣọ́nà báyìí o. Bàtà wọ́dà ni mò ń ṣọ́.