Mo Rán Ọmọ Àbúrò Mi Kọjá Bọ́dà

Fóònù mi dún láàárọ̀ yìí, mo wò ó títí ó fi dákẹ́. Mo mọ ẹni tó ń pè. Mùtíù ni, ọmọ àbúrò mi, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n, tó wà ní Ṣakẹ́tẹ́ báyìí, ní òdìkejì bọ́dà, tí kò lè padà wọ Nàìjíríà àfi bí èmi bá lanu sọ̀rọ̀. Gbogbo ará ilé ní kí n sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, Káríímù, tilẹ̀ ti Ajúwọ̀n wá bá mi nínú ilé mi ní Lótò níbí, ní Mowé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọkàn yín ti wá le ju Olúmọ lọ.” Mo ní kó dìde kí aṣọ rẹ̀ má baà dọ̀tí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí kò mọ̀ mí, ẹ kò bá wọn jẹun nínú ilé wa, nítorí náà ẹ̀yin ni mo fẹ́ rò ó fún. Kì í ṣe pé mo ń sunkún o. Bí mo bá ní inú mi bàjẹ́, díẹ̀ ni. Èyí tó pọ̀ níbẹ̀, ìbínú ni, n kò sì tíì rí ibi tí mo máa sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí lóbìnrin, èmi àti Sìdíkátù Àdùkẹ́. Ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ ni ìyá wa. Nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wá sí Ifọ̀, kò sẹ́ni tó ka ibẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn òyìnbó méjì ló fa okùn sáàárín ẹbí kan, ẹbí kò sì bá wọn fọwọ́ sí i. Èmi ka ìwé girama dé òpin, Sìdí kò kà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé nínú òwò aṣọ, òógùn ara rẹ̀ ló sì fi kọ́ ilé sí Ifọ̀. Ọlọ́run kò fún mi lọ́mọ. Nígbà tí ọkọ Sìdí kú, tó di pé òun nìkan ló ń sá sókè sá sódò, ọ̀dọ̀ mi ni Mùtíù wà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ábídí. Èmi ni mo ń fi omi tútù nù ún lára nígbà tí ibà bá gbé e dè. Nígbà tó rí ọ̀nà òkè òkun, èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú, tí a ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí ṣe lóore.

Sìdí kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wa ti wí, sí iwájú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. N kò bínú pé Mùtíù kò bá a. Ta ní í ti òkè òkun fò dé kí ilẹ̀ tó ṣú? Ṣùgbọ́n kò wá ní ọjọ́ kẹjọ, kò wá ní ogójì ọjọ́, ọdún yípo kò wá, ọdún tún ń gun ara wọn lẹ́yìn, kò wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìyẹn fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìyá wa ní Ṣakẹ́tẹ́, ọmọ olóògbé ló ń wá túfọ̀ fún wọn. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àbúrò, kì í sì í ṣe orí fóònù. Ọmọ náà á wọ aṣọ funfun, á mú obì, á fa àgbò, á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹni tí ẹ yá wa ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.” Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó sunkún. Bí ọmọ kò bá tíì wá, gbogbo ayé ìbáà ti gbọ́, lọ́dọ̀ tiwọn ẹni náà kò tíì kú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ìpín Sìdí ránṣẹ́ ní gbogbo Iléyá. Wọ́n á yan ẹsẹ̀ àgbò gbẹ, wọ́n á fi ewé wé e, awakọ̀ kan á gbé e fún mi láti Ìdí-Ìrókò, á ní, “Wọ́n ní ẹ bá àwọn kí Ìyá Mùtíù.” Ẹ wò ó ná! Kí n máa gba ẹran fún ẹni tó wà nínú ilẹ̀, kí n máa dúpẹ́ lórúkọ rẹ̀, kí n máa dá a pín fún aládùúgbò nítorí pé kò lè gba ọ̀fun mi kọjá!

Lọ́dún tó kọjá ni Mùtíù wá dé. Kò wá kí òkú, ó wá ta ilé. Ìwé ìrìnnà tó mú wọlé, ti ìlú àwọn ẹlòmíràn ni. Ó ní tiwa ti kú mọ́ òun lọ́wọ́ tipẹ́, òun kò sì ní jí i dìde, torí pé ìlú tí òun búra fún kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ìyá méjì. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, níwájú mi! Wọ́n wá lu òǹtẹ̀ sínú ìwé náà pé àlejò tó wá gbafẹ́ ni, wọ́n sì fún un ní gbèdéke. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ tí wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìnkùlé Ifọ̀, ó wá gbafẹ́ ní Ifọ̀.

Mo bá a lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tó mú ẹni tó fẹ́ ra ilé wá. Ọkùnrin náà rí mi, ó kí mi, ó bi í pé, “Ìyá wo nìyí?” Mùtíù kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, “Ìyá tó ń bá wa ṣọ́ ilé ni.” Ọkùnrin yẹn tún ní, “Sàréè yìí ńkọ́?” Mùtíù gbé bàtà lé orí sàréè ìyá rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ kì í wò bóyá ó le, ó ní, “Ẹ kàn da sìmẹ́ǹtì kún un, ẹ máa gbé mọ́tò sórí ẹ̀. Ó máa gbé e.” Ara mi tutù bí omi inú àmù. Ìwé ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ni ọmọ, àwọn tó mọ òfin tí mo bi léèrè sì sọ fún mi pé kí n má da ara mi láàmú. Mo kàn sọ sínú pé, Àdùkẹ́, ìwọ sùn, èmi kò tíì sùn.

Ibi tí Ọlọ́run ti bá mi ṣe é nìyí. Gbèdéke àlejò ń tán lọ, ẹni tó fẹ́ ra ilé kò sì tíì ṣe tán. Mùtíù jókòó sí pálọ̀ mi, ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí fóònù, ó ní, “Àǹtí, kò le. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe é káàkiri ayé. Màá jáde ní Ìdí-Ìrókò, màá gba físà tuntun ní Kùtọnu, màá tún padà wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.” Mo ní, “Níbo lo máa sùn?” Ó ní hòtẹ́ẹ̀lì. Mo ní, “Kí ni ti hòtẹ́ẹ̀lì, nígbà tí ilé ìyá ìyá rẹ wà ní Ṣakẹ́tẹ́?” Ojú rẹ̀ là. “Ṣé wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀?” Mo ní, “Wọ́n mọ ìyá rẹ. Ìyẹn tó.” Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí! Ẹ̀yin gan-an ni káńpútà ìdílé yìí!”

Mo to ìrìn àjò náà fún un bí obìnrin ṣe ń to igi ìdáná. Mo ní kó má gba Èkó, kó ti ọ̀dọ̀ mi lọ sí Ifọ̀, kó gba Pápáláńtò sí Ìlaròó, kó wọkọ̀ Ọ̀wọdé, kó tó kan Ìdí-Ìrókò. Mo ní kó má gun ọ̀kadà gba inú igbó bí àwọn onífàyàwọ́, torí bí wọn kò bá lu òǹtẹ̀ ìjáde fún un, asán ni gbogbo ìrìn rẹ̀. Tó bá dé Ìgólò, kó wọ mọ́tò Ṣakẹ́tẹ́, kó sì béèrè ilé Bàbá Láwánì, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó jẹ́ olórí ilé. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Irọ́ kan péré ni mo pa. Ó bi mí pé, “Ṣé kí n mú nǹkan dání fún wọn?” Mo ní, “Rárá o. Ọmọ ilé kì í ru ẹrù wálé.” Bó ṣe wọkọ̀ tán ni mo pe Bàbá Láwánì. Mo kí wọn, mo ní, “Ọmọ Sìdí ń bọ̀ wá túfọ̀.” Wọ́n ní, “Alihamudulilai. A ó pe gbogbo ilé jọ.” Mo tún sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò àti sàréè fún wọn.

Mo bẹ Ìyá Sùbéérù, ìyàwó Bàbá Láwánì, pé tí ọmọ náà bá ti yọ, kó pè mí, kó sì fi fóònù sílẹ̀ láì pa á. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó, mo gbé fóònù sí itan. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó wọlé pẹ̀lú ariwo, “Ẹ ń lẹ́ o! Bọ́júù!” Ó fi èdè Faransé kí wọn. Bàbá Láwánì ní, “Ìwọ ta ni?”

“Èmi Mùtíù ni, ọmọ Sìdíkátù ti Ifọ̀.”

“Ìyá rẹ ńkọ́?”

“Wọ́n ti kú tipẹ́ o, Bàbá. Ṣebí ẹ̀yin náà gbọ́?”

Háà! Ẹ̀yin ènìyàn, ariwo tó sọ! Obìnrin kan figbe ta, “Ye! Ó dúró sọ ọ́! Ṣòkòtò péńpé ló fi sọ ọ́!” Òmíràn ní, “Obì dà? Àgbò dà?” Ẹnì kan ní, “Àgbò wo? Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fà wá.” Òmíràn tún ní, “Ṣé wọ́n bí ọ ni, àbí o já bọ́ láti orí igi?” Mo gbọ́ tí Bàbá Láwánì ní, “Jókòó. Kì í ṣe orí àga. Sílẹ̀.” Wọ́n ní, “Níbo lẹ tẹ́ ọmọ wa sí?” Ó ní iwájú ilé rẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Ta ló ń gbá ibẹ̀?” Wọ́n ní, “A gbọ́ pé mọ́tò ló fẹ́ máa sùn lórí rẹ̀.” Nígbà tó yá ni mo gbọ́ ẹkún ọkùnrin, ẹkún tó ti pẹ́ nínú. Ìyá Sùbéérù gbé fóònù sétí, ó sọ fún mi wúyẹ́wúyẹ́ pé Mùtíù ti fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀ búra níwájú gbogbo ilé, pé òun kò ní ta ilé náà láéláé. Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe rí lára mi? Ó dùn mọ́ mi! Mo bu omi tútù, mo mu ún tán, mo tún bu òmíràn.

Ẹni tó fẹ́ ra ilé ti wá ibòmíràn lọ, èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé kó máa lọ. Sìdí ń sùn jẹ́ẹ́. Mùtíù dúró ní Ṣakẹ́tẹ́ títí wọ́n fi ṣe àdúrà fún ìyá rẹ̀. Ìgbà tó wá dé Kùtọnu, àwọn tó ń fúnni ní físà ní kí ẹni tí yóò gbà á sílé ní Nàìjíríà dáhùn fún un. Orúkọ mi ló fi sílẹ̀. Wọ́n pè, n kò gbé e, ló bá padà sí Ṣakẹ́tẹ́. Èmi ìyá tó ń ṣọ́ ilé, kí ni mo mọ̀ nípa àlejò? Mo ránṣẹ́ sí i pé bó bá fẹ́ wọlé, kó jí ìwé ìrìnnà ilé rẹ̀ dìde, kó wọlé bí ọmọ. Káríímù ní mo fẹ́ tú ilé onílé ká, pé bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìlú tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà lè já a sílẹ̀. Mo mọ̀. Ṣé èmi ni mo ní kó lọ búra?

Àmọ́ Ìyá Sùbéérù sọ fún mi lánàá pé ó ti rẹ Mùtíù. Ó ní bí n kò bá dáhùn, yóò wọ bàálù ní Kùtọnu, yóò máa lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní tẹ ilẹ̀ wa mọ́. Mo ní kó máa lọ. Ìgbà tí mo sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ mí láyà tí kò tíì kúrò níbẹ̀. Ará Ṣakẹ́tẹ́ kò gba ẹ̀gbọ́n, wọn kò gba àbúrò, ọmọ ni wọ́n ń gbà, Mùtíù sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n lè pè ní tèmi. Mo ti dàgbà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń ka èyí, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n dárí jì í, ìyẹn ni gbogbo ilé ń sọ, kò wọ̀ mí létí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò rèé. Mo fẹ́ kó jìyà, kó jẹ ẹ́ yó. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ kan, tí yóò sọ fún wọn pé mo ti kú. Èwo ni kí n jọ̀wọ́ nínú méjèèjì?